Orí Keje: Síso Ìwé Orúkọ Kọ́ọ̀sì Mọ́ Ẹgbẹ́ Aṣàmúlò

Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń wà níbi méjì. Ó wà lọ́dọ̀ rẹ́jísírì, níbi tí ó ti sanwó, tí ó ti yan kọ́ọ̀sì lórí pótà, tí ọ̀gá ẹ̀ka sì ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó tún wà lórí ìkànnì ẹ̀kọ́, níbi tí olùkọ́ ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ sí, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbà fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ìwé méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó sábà máa ń wà láàárín wọn ni òṣìṣẹ́ kan tó jókòó síwájú Excel, tó ń ka orúkọ níhìn-ín, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Bí kíláàsì bá jẹ́ ogún ènìyàn, kò burú. Bí ó bá jẹ́ GST 111 ni, èyí tí ìlànà CCMAS ti àjọ NUC fi lé gbogbo ọmọ ọdún kìíní lórí, orúkọ lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, sẹ̀mẹ́sítà á sì ti rìn jìnnà kí ẹni ìkẹyìn tó rí ojú ewé kọ́ọ̀sì náà ṣí.

Orí yìí dá lórí bí a ṣe lè jẹ́ kí ìwé méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń rò pé bí orúkọ ṣe máa wọlé ni gbogbo wàhálà rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ fáìlì CSV lè kó ẹgbẹ̀rún orúkọ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó ń da ìkànnì ẹ̀kọ́ rú ni bí orúkọ ṣe ń jáde: ta ni kò sí nínú kọ́ọ̀sì mọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sì ṣe sí iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti pẹ́ jù.

Moodle, ètò ìkànnì ẹ̀kọ́ kan, ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Martin Dougiamas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002. A yàn án nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè ṣí kóòdù rẹ̀ wò. Ẹni tó bá lóye rẹ̀ kò ní ṣàjèjì bí ó bá bá ètò ìkànnì mìíràn bíi Canvas tàbí Drupal pàdé.

Ohun tí ìlà kan ń sọ

Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé orúkọ kọ́ọ̀sì. Ohun mẹ́rin ló ń sọ: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe, ipò tí ó wà nínú rẹ̀, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni tàbí olùkọ́, àti sẹ̀mẹ́sítà tí ó ń ṣe é. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ìlà náà kò wúlò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe kọ́ọ̀sì méje yóò ní ìlà méje. Olùkọ́ kékeré tó ń kọ́ni ní LIN 201, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń kàwé fún másítà, lè jẹ́ olùkọ́ ní ìlà kan kí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkejì. Nítorí náà, ìwé orúkọ kọ́ọ̀sì kì í ṣe àkójọ ènìyàn. Ohun tó kó jọ ni àjọṣe tó wà láàárín ènìyàn àti kọ́ọ̀sì.

Ọ̀pọ̀ ètò tí àwọn ẹ̀ka kan dá kọ fúnra wọn ló kùnà níbí. Wọ́n á dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún kìíní, wọ́n á sì ṣí gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún kìíní fún ẹgbẹ́ náà. Ó dára títí ọmọ ọdún kẹta tó gbé kárí-ófà GST 111 fi wọlé, tí kò rí nǹkan kan. Ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ wà yàtọ̀ sí kọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ kọ́ọ̀sì tí ènìyàn ń ṣe, ìwé kọ́ọ̀sì ni kó lọ bi.

Ẹgbẹ́ aṣàmúlò ní tirẹ̀ kò mọ ìtàn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣílẹ̀kùn tàbí láti tì í: àwọn wọ̀nyí lè ka ojú ewé yìí, àwọn wọ̀nyẹn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn yòókù kò gbọdọ̀ rí i. Òjìji ìwé orúkọ ni ẹgbẹ́ jẹ́. Ibi tí ìwé bá yí sí ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yí sí, a kì í sì í fi ọwọ́ tún òjìji ṣe. Bí orúkọ kan bá ṣì wà níbi tí kò yẹ, rẹ́jísírì ni a ó lọ bá kí ó tún un ṣe nínú ìwé. Olùkọ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ orúkọ kúrò nínú ẹgbẹ́ lálẹ́ yóò bá a níbẹ̀ lówùúrọ̀, nítorí pé ètò ti tún ìwé kà lóru. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti bínú sí ìkànnì ẹ̀kọ́ nítorí èyí, ìkànnì náà kò sì ṣẹ̀.

Oríṣi ẹgbẹ́ inú Moodle

Moodle ní ẹgbẹ́ ní ìpele méjì. Èkínní ni cohort, tó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 2.0 ní ọdún 2010. Orí gbogbo ìkànnì tàbí orí apá kan rẹ̀, bí ẹ̀ka Fákọ́tì Iṣẹ́ Ọnà, ni cohort máa ń wà. Kò sí nínú kọ́ọ̀sì kankan fúnra rẹ̀. Èkejì ni ẹgbẹ́ inú kọ́ọ̀sì, tí kò jáde kúrò nínú kọ́ọ̀sì tí a dá a sí. A tún lè kó irú àwọn ẹgbẹ́ inú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ kan kí a lè fún wọn ní iṣẹ́ kan náà.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Cohort dára fún ohun tí kì í tètè yí padà: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìwọlé ní sáà 2024/2025, gbogbo ẹni tó ń kàwé ní ẹ̀ka Lìngúísíìkì. Ẹgbẹ́ inú kọ́ọ̀sì ni ti ìpín: àwọn tó ń ṣe tùtóríà lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó wà lábẹ́ olùkọ́ kejì. Nígbà tí kọ́ọ̀sì bá tóbi bíi GST 111, ẹgbẹ́ inú kọ́ọ̀sì ló ń jẹ́ kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan rí kìkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. A lè pàṣẹ fún Moodle pé kí ẹgbẹ́ kan má ṣe rí èkejì rárá, tàbí kí wọ́n máa rí ara wọn ṣùgbọ́n kí kálukú máa ṣiṣẹ́ nínú tirẹ̀.

A tún lè so cohort mọ́ kọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá wọ cohort yóò di ọmọ kọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ètò náà sì lè fi í sínú ẹgbẹ́ kan nínú kọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kan náà. Ó rọrùn, ó sì dùn ún lò. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń dá cohort kọ̀ọ̀kan fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, a ti sọ cohort di ìwé orúkọ kejì. Ó sàn kí a jẹ́ kí ìwé rẹ́jísírì bá kọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ tààrà.

Ta ni ta?

Kí ètò tó lè mọ̀ pé ẹni tó wà nínú ìwé orúkọ ni ẹni tó wà lórí ìkànnì, ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí yóò fi dá a mọ̀. Orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn. Orúkọ ni kò sì yẹ kí a lò.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílẹ̀ wa. Rẹ́jísírì kọ Adebola, ọmọ náà sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìkànnì bó ṣe yẹ, Adébọ́lá. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Kódà bí àwọn méjèèjì bá fi àmì sí i, wàhálà kò tán. Ìlànà Unicode ní àyè kan fún ọ tó ní àmì lábẹ́, U+1ECD, ó sì ní àyè kan fún ó tó ní àmì lókè, U+00F3, ṣùgbọ́n kò ní àyè kan ṣoṣo fún èyí tó ní méjèèjì. Ńṣe ni a ń so àmì pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Pátákó ìtẹ̀wé kan lè fi àmì òkè, U+0301, lé ọ. Òmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí o lásán kí ó fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, àti àmì òkè tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta lè fi àmì ìsàlẹ̀ sí ó. Lójú wa, ọ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìlànà NFC wà tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan, ètò tó bá sì ń gba orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ lò ó kí ó tó tọ́jú ohunkóhun. Ibi tí orúkọ ń sùn tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí a bá ṣètò MySQL ní ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀, ó lè ka Adebola àti Adébọ́lá sí ọ̀kan náà, PostgreSQL kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀. Moodle ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́, nítorí náà ohun tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ olùkọ́ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí sáfà yunifásítì.

Àwọn kan á ní kí a wá fi orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí dá ènìyàn mọ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì. Táíwò àti Kẹ́hìndé ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn ni àwọn méjèèjì sì lè kọ sí fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá jọ wọ yunifásítì kan, ètò náà á sọ wọ́n di ẹnì kan, máàkì Táíwò á sì máa bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Ẹ tún ka ọ̀dọ́bìnrin tó ṣègbéyàwó láàárín sáà tó sì yí orúkọ padà mọ́ ọn, àti àwọn tó ń kọ orúkọ bàbá ṣáájú níbì kan, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ kẹ́yìn níbòmíràn.

Ímeèlì náà kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ọmọ tí fóònù rẹ̀ bá sọnù sábà máa ń ṣí ímeèlì tuntun. Nọ́ńbà mátíríìkì sàn jù, àmọ́ kò tètè dé: ọmọ tuntun ń lo nọ́ńbà JAMB títí ìwé ìwọlé rẹ̀ yóò fi parí, kọ́ọ̀sì sì lè ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gba ti mátíríìkì. Ohun tó dára jù ni kí rẹ́jísírì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé, nọ́ńbà tí kò ní yí padà, tí a kò sì ní fún ẹlòmíràn láéláé. Kí nọ́ńbà JAMB àti ti mátíríìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àlàyé lásán. Moodle ní àyè kan nínú ìwé aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan tí ó ń pè ní idnumber, fún irú nọ́ńbà yìí gan-an. Kọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Excel kí a tó kúrò níbí. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, Excel máa ń jẹ òdo náà. Nọ́ńbà tó bá ní ìlà ìdábùú, bíi 12/05, ó lè sọ ọ́ di ọjọ́ oṣù. Ẹni tó bá ṣí fáìlì CSV nínú rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì tẹ ibi ìfipamọ́, lè ti ba ìdajì nọ́ńbà jẹ́ láì mọ̀. Ètò tó ń kọ fáìlì ni kí ó kọ ọ́, ètò tó ń kà á ni kí ó kà á. Ènìyàn tó bá fẹ́ wò ó, ẹ̀dà ni kó ṣí.

Ọ̀nà tí orúkọ ń gbà wọlé

Ọ̀nà tó rọrùn jù nínú Moodle ni fáìlì pẹlẹbẹ. A ó fi fáìlì sí ibì kan lórí sáfà, ètò alágogo tí Moodle ń pè ní cron yóò sì máa yẹ ibẹ̀ wò. Báyìí ni fáìlì náà ṣe máa ń rí:

add, student, 20230417, LIN201-2024-1
add, student, 20230588, LIN201-2024-1
add, editingteacher, S0092, LIN201-2024-1
del, student, 20230233, LIN201-2024-1

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, èkejì ń sọ ipò, ẹ̀kẹta jẹ́ nọ́ńbà ẹni náà, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ nọ́ńbà kọ́ọ̀sì. Ẹ ṣàkíyèsí pé a so sáà àti sẹ̀mẹ́sítà mọ́ nọ́ńbà kọ́ọ̀sì. Bí a bá kọ LIN201 lásán, àwọn tó ṣe é lésìí àti àwọn tó ń ṣe é lọ́dún yìí á dàpọ̀ sínú yàrá kan. Nígbà tí Moodle bá ti ka fáìlì náà tán, ó máa ń pa á rẹ́, nítorí náà kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà síbòmíràn. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá sọ pé òun forúkọ sílẹ̀ tí ẹ kò sì rí i, ẹ̀dà yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Àbùkù kan wà nínú ọ̀nà yìí tí kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yí padà nìkan ni fáìlì náà ń sọ: fi eléyìí kún un, yọ tọ̀hún. Kò sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Bí fáìlì ọjọ́ kan bá sọnù lójú ọ̀nà, bóyá iná lọ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì já, gbogbo fáìlì tó tẹ̀ lé e á máa wọlé dáadáa, ẹgbẹ́ á sì máa yàtọ̀ sí ìwé láì sí ẹni tó mọ̀. Ọ̀nà kejì, tí ó ń ka tábìlì rẹ́jísírì láti òde, kò ní àbùkù yìí. Níbẹ̀, Moodle á wo tábìlì náà lódindi, á fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì tún èyí tó bá yàtọ̀ ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wọlé sórí ìkànnì, Moodle lè yẹ ìlà tirẹ̀ nìkan wò lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ má baà dúró di òru.

Èrò tiwa ni pé kí a máa ka gbogbo rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí a sì lo fáìlì àyípadà fún ohun tó jẹ́ kánjúkánjú nìkan. OneRoster, ìlànà fún fífi ìwé orúkọ ránṣẹ́ láti ètò kan sí òmíràn, náà fi àyè gba méjèèjì. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, tí orúkọ wọn jẹ́ IMS Global kí ó tó di 1EdTech ní ọdún 2022, ti gbé ìlànà IMS Enterprise jáde ní ọdún 1999, kí wọ́n tó gbé OneRoster jáde ní ọdún 2015 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Amẹ́ríkà. Nínú OneRoster, fáìlì kan wà fún ènìyàn, òmíràn fún kọ́ọ̀sì, òmíràn fún kíláàsì, òmíràn fún sáà, èyí tó so gbogbo wọn pọ̀ sì ni fáìlì ìforúkọsílẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń jẹ́ sourcedId, tó ń ṣe iṣẹ́ tí a ní kí nọ́ńbà rẹ́jísírì ṣe lókè yìí.

Ìjáde

Ní ọ̀sẹ̀ add-and-drop, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kí ó tún padà gbé e lọ́jọ́ Ẹtì nítorí pé èyí tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ti kún. Bí ètò wa bá yára jù, iṣẹ́ tí ó ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á ti lọ kí ó tó padà.

Moodle bi wá ní ìbéèrè kan níbí, ọ̀pọ̀ alákòóso ìkànnì ló sì máa ń fò ó. Bí orúkọ kan kò bá sí nínú ìwé mọ́, a lè yọ ẹni náà kúrò nínú kọ́ọ̀sì pátápátá. A lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. A lè dá a dúró, kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí ó má lè wọlé. Tàbí kí a dá a dúró kí a sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ pátápátá, Moodle á pa àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ kan nínú kọ́ọ̀sì náà rẹ́, á sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Máàkì ṣeé gbà padà bí ó bá tún wọlé, bí alákòóso bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpín tùtóríà rẹ̀ kì í padà. A ti rí ẹ̀ka tó fi sẹ̀mẹ́sítà odindi wá ibi tí ọmọ kan wà kí add-and-drop tó dé.

Dídá dúró ni a fọwọ́ sí títí tí ìforúkọsílẹ̀ yóò fi tì. Lẹ́yìn náà ni kí rẹ́jísírì sọ, fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìdí tó fi kúrò: ó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gba àyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan, ó kúrò ní yunifásítì, ó di olóògbé. Ìwé tó kàn sọ pé orúkọ kò sí mọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ tó. Ẹni tó dá ẹ̀kọ́ dúró yóò padà wá béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹbí olóògbé sì lè fẹ́ rí ohun tí ọmọ wọn kọ.

Owó ilé ìwé tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Àwọn yunifásítì kan máa ń yọ ajigbèsè kúrò nínú ìwé orúkọ kọ́ọ̀sì títí tí yóò fi sanwó. Lójú olùkọ́, ọmọ náà ti fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Lójú ìkànnì, bákan náà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ewu. Kí gbèsè wà ní ìwé tirẹ̀. Bí yunifásítì bá fẹ́ ti ìdánwò mọ́ ajigbèsè, kí ó ti ilẹ̀kùn yẹn nìkan, kí ó má ba ìwé kọ́ọ̀sì jẹ́ nítorí owó.

Olùkọ́ náà lè ní ìdí tó tọ́ láti mú ẹni tí kò sí nínú ìwé wọlé: àlejò láti yunifásítì mìíràn, ọmọ másítà tó ń bá a wo iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí pótà ń fìyà jẹ. Moodle gbà á láyè, nítorí pé ó ń rántí ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà wọlé. Ẹni tí olùkọ́ fi ọwọ́ mú wọlé ní ìlà tirẹ̀, èyí tó ti ọ̀dọ̀ rẹ́jísírì wá ní ìlà tirẹ̀, ẹnì kan sì lè ní méjèèjì. Ètò alẹ́ kò ní fọwọ́ kan ìlà tí kò ṣe tirẹ̀. Kódà nínú tábìlì tó ń tọ́jú ọmọ ẹgbẹ́, tí ó ń jẹ́ groups_members, òpó kan wà tó ń jẹ́ component, tó ń sọ apá ètò tó fi ẹni náà síbẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ ètò tiyín, bóyá lórí Drupal tàbí láti ìbẹ̀rẹ̀, òpó yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dá. Ẹgbẹ́ tí kò lè sọ ìdí tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi wà níbẹ̀ kò lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó kúrò. Ẹ sáà wo ẹgbẹ́ WhatsApp tí kọ́ọ̀sì-rẹ́pù dá sílẹ̀: ẹni tó ti sìnrú ìlú tán, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ṣì ń gba ìkéde pé ìdánwò ti yí padà.

Ewu tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni tábìlì òfìfo. Ká ní sáfà rẹ́jísírì ń gba àtúnṣe lóru ọjọ́ kan. Ètò wa béèrè orúkọ, sáfà náà dáhùn láì ṣe àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ìlà kankan kò sí nínú ìdáhùn rẹ̀. Ètò á gbà pé gbogbo yunifásítì ti fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bí a bá ti yàn án pé kí ó máa yọ ènìyàn pátápátá, ilẹ̀ á mọ́ bá ìkànnì tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Grouper, ètò ìṣàkóso ẹgbẹ́ tí àjọ Internet2 ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú, ní ìdènà fún èyí: bí iye ènìyàn tí ó fẹ́ yọ bá pọ̀ ju ìwọ̀n tí a fún un lọ, á dúró, á sì ké sí ènìyàn. Ẹ ṣe irú rẹ̀ sí tiyín. Kí ètò kọ́kọ́ ka iye tí yóò yọ. Bí ó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá orúkọ inú kọ́ọ̀sì lọ, kí ó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹnì kan yóò fi wò ó. Lọ́sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ tì, ìdènà yìí yóò máa dún lemọ́lemọ́, yóò sì máa bí òṣìṣẹ́ nínú. Ẹ má ṣe pa á.

Ìgbà tí sẹ̀mẹ́sítà parí

Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ ní ìlú òyìnbó sábà máa ń ní kí a kọ ọjọ́ ìparí sí ìforúkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀kùn lè tì fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí wọn kò dá dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Yunifásítì tó bá ti kọ oṣù Kẹfà sí ìlà ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ni ìkànnì á ti tì síta kí wọ́n tó padà sí kíláàsì, òṣìṣẹ́ á sì máa tún ọjọ́ kọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Sáà ni kí ó ní ọjọ́, kí ìforúkọsílẹ̀ kàn máa tọ́ka sí sáà. Bẹ́ẹ̀ ni OneRoster ṣe é: inú fáìlì sáà ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ń dárúkọ sáà tí ó bọ́ sí. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ìlà kan ṣoṣo ni a ó yí padà. Bí sáà bá sì parí ní tòótọ́, a kì í yọ akẹ́kọ̀ọ́. Kí a sọ kọ́ọ̀sì náà di èyí tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ nǹkan sí mọ́, nítorí pé ẹni tó ń múra kárí-ófà á fẹ́ padà ka àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kó kọjá

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò gbà kí a kó ju dátà tí iṣẹ́ béèrè lọ. Ìwé rẹ́jísírì mọ ẹ̀sìn akẹ́kọ̀ọ́, ìpínlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀. Ìkànnì ẹ̀kọ́ kò nílò ọ̀kan nínú wọn. Nọ́ńbà, orúkọ, ímeèlì, kọ́ọ̀sì, ipò: ìwọ̀nyí tó. Kí ẹ sì ṣọ́ orúkọ tí ẹ ń fún ẹgbẹ́, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rí i. Ẹgbẹ́ tí alákòóso pè ní Àwọn Tí Kò Tíì Sanwó ti tú àṣírí ọmọ ọlọ́mọ lójú gbogbo kíláàsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò rẹ̀ dára.

Ìdánrawò

1. Ẹ kọ fáìlì pẹlẹbẹ fún kọ́ọ̀sì kan tí ó ní olùkọ́ méjì àti akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, kí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Kí ẹ wá sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí fáìlì tó yọ ọmọ náà bá sọnù kí Moodle tó kà á.

2. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ gba ìwọlé. Nọ́ńbà mátíríìkì Kẹ́hìndé ti jáde, ti Táíwò kò tíì jáde. Ẹ ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe mú àwọn méjèèjì wọ GST 111 lọ́jọ́ kan náà láì jẹ́ pé ẹ fún Táíwò ní àkáǹtì méjì nígbẹ̀yìn.

3. Olùkọ́ kan fi ọwọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ kọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́rú, orúkọ ọmọ náà wọ ìwé rẹ́jísírì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ǹjẹ́ ó ṣì lè wọ ojú ewé kọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tó yẹ kí ó tún un ṣe.

4. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ alákòóso ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ yín ohun tí ètò wọn máa ń ṣe bí tábìlì rẹ́jísírì bá dé pẹ̀lú ìdajì orúkọ. Bí ó bá dáhùn pé kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, ẹ kọ ètò ìdènà kan fún un, kí ẹ sọ iye tí ẹ ó fi ṣe òdiwọ̀n, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí tí iye náà kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ add-and-drop àti ní àárín sẹ̀mẹ́sítà.